Ewé Tí A Fi Ń Dí Ọ̀nà

Ibi tí mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi sí, mo fẹ̀yìn ti ògiri níbẹ̀, mo sì kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó bá ń bọ̀, mo gbọ́dọ̀ rí i kó tó rí mi. Àwọn oníbàárà mi ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn onírin, wọ́n á pè mí, màá wò wọ́n dáadáa kí n tó yọ kọ́kọ́rọ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, àwọn kan máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Màmá Aránṣọ, ṣé wúrà lẹ ń rán níbẹ̀ ni?" Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìlú wa kò tóbi. Gbogbo èèyàn ló mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi, tàbí wọ́n rò pé àwọn mọ̀ ọ́n.

Mi ò ní dárúkọ ìlú náà. Ara-Èkìtì ò jìnnà sí wa, Ìjerò la sì máa ń lọ bí òwú àti bọ́tìnnì bá tán pátápátá. Ẹni tó bá mọ agbègbè yẹn á mọ irú ilẹ̀ tí mo ń sọ: òkè níwájú, òkè lẹ́yìn, oko kòkó àti oko iṣu láàárín wọn, ọ̀nà ẹsẹ̀ tó pín sí méjì, tó tún lọ síwájú díẹ̀ tó tún pín.

Ní sáà kejì ọdún tó kọjá, lọ́jọ́ Ajé kan, àwọn ọmọ mẹ́ta dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn mi lẹ́yìn tí ilé-ìwé jáde. Kíláàsì karùn-ún ni wọ́n wà. Èmi ni mo rán aṣọ tó wà lọ́rùn méjì nínú wọn. Ọmọbìnrin kan ló ṣáájú, ó ga ju àwọn yòókù lọ, ó di ìwé mọ́ àyà, ó sì ki bírò bọ inú irun rẹ̀ bí àgbà akọ̀wé.

"Ẹ káàsán mà. Ìwádìí la wá ṣe."

"Ìwádìí kí ni?"

"Tíṣà wa ní ká bi àwọn àgbà bí wọ́n ṣe ń ránṣẹ́ síra wọn lọ́nà oko nígbà tí kò sí fóònù. Wọ́n ní ẹ mọ̀ nípa ewé."

"Ta ló ní mo mọ̀?"

"Gbogbo èèyàn ni mà. Ewé tí ẹ máa ń fi dí ọ̀nà. Ṣé òótọ́ ni pé ilé kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀?"

Ẹsẹ̀ mi dúró lórí ẹ̀rọ. Mo ní, "Mi ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ẹ lọ bi bàbá yín."

Ọmọbìnrin náà yọ bírò nínú irun, ó kọ nǹkan sínú ìwé.

"Kí lo kọ yẹn?"

"Mo kọ ọ́ pé ẹ ní ẹ ò mọ nǹkan kan. Tíṣà ní gbogbo ìdáhùn la gbọ́dọ̀ kọ."

Wọ́n kí mi, wọ́n lọ. Mo tún ilẹ̀kùn tì.

Irọ́ ni mo pa fún wọn. Lápá ọ̀dọ̀ wa, kò sí ẹni tó dàgbà sí oko tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ewé dí ọ̀nà. Bí ẹ bá jẹ́ ẹni méjì tàbí mẹ́ta tí ẹ jọ ní oko, tí oko náà sì wà lọ́nà méjì, ẹni tó bá kọ́kọ́ jáde nílé á dé oríta, á já ewé tútù, á tẹ́ ẹ sórí ọ̀nà tí òun kò gbà, á fi òkúta kékeré lé e kí atẹ́gùn má gbé e lọ. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn á rí i, á mọ̀ pé ọ̀nà yìí ti dí, ọ̀nà kejì ni wọ́n gbà. Bí ewé náà bá ṣì ń dán, ẹni yẹn ò tíì jìnnà. Bí etí rẹ̀ bá ti ká kò, ó ti pẹ́ lóko. Kí ewé ilé kan má sì ṣi ilé kejì lọ́nà, olúkúlùkù ló ní ewé tirẹ̀. Àwọn kan ń lo imọ̀ ọ̀pẹ, àwọn kan ń lo ewé obì. Ilé ọkọ mi ń lo gbòdògì, ewé fífẹ̀ tí wọ́n fi ń wé obì. Ìyá ọkọ mi ló kọ́ mi lọ́sẹ̀ tí mo dé ilé wọn. Ó ní, "Ìyàwó, ẹni tí kò bá dí ọ̀nà, kó má bínú bí a bá wá a tì."

Lẹ́yìn tí ọkọ mi kú, èmi àti àbúrò rẹ̀ la jọ ń ro oko náà. Ọkọ Mi ni mò ń pè é, gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ilé ṣe ń pe ẹni tó bá nílé ọkọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo jù ú lọ lọ́jọ́ orí. Bí a bá dé oríta, ọ̀nà ọ̀tún lọ sí oko iṣu, ti òsì lọ sí oko kòkó. Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, èmi ni mo kọ́kọ́ jáde. Iṣu ni mo fẹ́ lọ wà. Mo já gbòdògì, mo fi dí ọ̀nà kòkó, mo gbé òkúta lé e, mo sì kọjá. Mi ò tíì wú ebè márùn-ún nígbà tí àwọn ajínigbé yọ sí mi.

Ọjọ́ mẹ́fà ni mo lò lọ́wọ́ wọn. Ohun tí wọ́n ṣe, àti ohun tí ẹbí ṣe kí wọ́n tó tú mi sílẹ̀, mi ò ní kọ ọ́ síbí. Ẹyọ kan péré ni màá sọ. Ní ọjọ́ kejì, ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, ewé yín ló jẹ́ ká mọ̀ pé ẹ ò tíì jìnnà." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń kí èèyàn kú iṣẹ́. Láti ìgbà yẹn, mi ò lè jẹ oúnjẹ tí wọ́n bá fún mi mọ́. Ìdí ni pé ewé kan náà tó sọ fún wọn pé ẹnìkan wà níwájú ló sọ fún wọn pé ẹnìkan ń bọ̀ lẹ́yìn. Mo gbà pé wọ́n ti dúró de Ọkọ Mi lóríta, pé ọwọ́ mi ni mo fi pè wọ́n wá bá a.

Nígbà tí mo padà délé, ó wà lára àwọn tó dúró níwájú ilé. Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀ kí n tó wo ojú rẹ̀, kí n lè rí i pé ó fi wọ́n dúró lóòótọ́. Mi ò bi í léèrè ohun tó ṣe é tí wọn ò fi mú un. Òun náà kò bi mí ní nǹkan kan. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti dé oko mọ́. Mo padà sí iṣẹ́ aṣọ tí mo kọ́ nígbà tí mo jáde ilé-ìwé girama, nítorí pé èèyàn lè ti ilẹ̀kùn rán aṣọ. Bí àsìkò iṣu bá tó, á kó iṣu wá síwájú ṣọ́ọ̀bù mi, á ní, "Ìyàwó wa, iṣu rèé," á sì máa lọ.

Lọ́jọ́ kejì tí àwọn ọmọ náà wá, tíṣà wọn fúnra rẹ̀ wá. Ọ̀dọ́bìnrin ni, ọmọ Ẹ̀fọ̀n, ó gba yàrá kan sí ìlú wa.

"Ẹ kú iṣẹ́ mà. Àwọn ọmọ mi ní ẹ lé àwọn."

"Mi ò lé wọn."

"Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ mà."

Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ó sọ fún mi bí ó ṣe ń kọ́ wọn. Sáà kan, ìbéèrè kan. Àwọn ọmọ á máa kiri ilé dé ilé láti wá ìdáhùn, bó bá sì di Ọjọ́bọ̀, àgbà kan á wá jókòó níwájú kíláàsì, wọ́n á bi í ní ìbéèrè títí á fi rẹ̀ ẹ́. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ti wá sọ fún wọn nípa omi ní sáà kìn-ín-ní. Àgbẹ̀ kan ti kó ọkọ́ mẹ́rin wá. Ó ní kí èmi náà wá, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré.

Mo ní rárá.

Ó wò mí, ojú rẹ̀ sì yí padà. Mo rí i pé ẹnìkan ti sọ fún un. Ó ní, "Ó dáa mà. Ẹ wá wọn aṣọ fún wọn nígbà náà. A fẹ́ rán ẹ̀wù àgbẹ̀ fún àwọn mẹ́jọ tó máa ṣàlàyé lọ́jọ́ àwọn òbí."

Iṣẹ́ nìyẹn. Mo gbà.

Mo dé ilé-ìwé lọ́jọ́bọ̀, ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn tí àwọn ọmọ wá bá mi, mo sì jókòó sórí bẹ́ńṣì tó sún mọ́ ilẹ̀kùn jù. Bàbá arúgbó kan ni àlejò ọjọ́ náà, àgbẹ̀ ni, ó wọ fìlà tó ti ṣá. Àwọn ọmọ ti yí i ká.

"Bàbá, bí ewúrẹ́ bá jẹ ewé náà ńkọ́?"

"Ewúrẹ́ á mọ ọ̀nà oko nìyẹn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tíṣà fi lu tábìlì.

"Bàbá, ṣé ẹ ti ṣìnà rí?"

"Ẹ̀ẹ̀kan péré. Ọjọ́ tí mo lọ fẹ́ ìyàwó."

"Bàbá, kí ló dé tí ẹ kì í kàn pariwo pe ẹni tó wà lẹ́yìn?"

"Ṣé ugbó ni ulé bàbá rẹ, tí wàá máa pariwo níbẹ̀?"

Ọ̀kan nínú wọn fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ní, "Bàbá ní ulé!"

Tíṣà ní, "Kí ni wọ́n ń pè é nílé tiyín?"

Ọmọ náà ronú. "Ulé náà ni."

"Kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́."

Inú mi dùn. Mo ń sọ òtítọ́. Nígbà tí èmi wà ní kíláàsì karùn-ún, a kò gbọdọ̀ bi àgbà ní ìbéèrè kan, ká má tíì sọ mẹ́wàá. Mo ń wo àwọn ọmọ wọ̀nyí bí wọ́n ṣe ń nawọ́, tí wọ́n ń ta ara wọn ní ìgbọ̀nwọ́ kí a lè pè wọ́n, mo sì gbàgbé ẹnu ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀.

Lẹ́yìn tí bàbá lọ, wọ́n to àwọn mẹ́jọ náà kí n lè wọ̀n wọ́n. Ọmọbìnrin tó ga yẹn ló kọ́kọ́ dé iwájú mi. Mo fi okùn ìwọ̀n yí ìbàdí rẹ̀, mo gbójú sókè, mo sì rí ògiri tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Káàdìbọ́ọ̀dù mẹ́rin ni wọ́n so pọ̀. Wọ́n ya gbogbo ọ̀nà oko ìlú wa sí i. Oríta kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀, odò wà níbẹ̀, afárá onígi wà níbẹ̀. Wọ́n kọ orúkọ ilé kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́, wọ́n sì lẹ ewé ilé náà mọ́ ọn, ewé gidi tí wọ́n sá gbẹ. Lábẹ́ ewé kọ̀ọ̀kan, wọ́n kọ ẹni tó ń kọ́kọ́ jáde, aago tó ń jáde, ọjọ́ tó ń lọ, àti iye ẹni tó ń bá a lọ. Lábẹ́ ewé ilé kan, ẹnìkan fi máàkà pupa kọ ọ́ dáadáa pé: *Ìyá àgbà mi ló ń ṣáájú. Aago mẹ́fà ààbọ̀. Òun nìkan.* Mo wá gbòdògì, mo sì rí i. *Ilé Màmá Aránṣọ. Ọkùnrin kan ló ń lọ báyìí. Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́rú.*

"Màmá, ẹ ti wọn ìbàdí mi lẹ́ẹ̀mẹta."

"Dúró jẹ́ẹ́."

"Ṣé ó ń yí padà ni?"

Mo bi í pé, "Ẹ̀yin lẹ ṣe èyí?"

"Àwa ni mà! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi ṣe é. Èmi ni olórí ẹgbẹ́. Ìyá àgbà mi nìyẹn, tí mo fi pupa kọ. Ẹ̀yin nìkan lẹ ò dá wa lóhùn, àwọn ará àdúgbò yín ló bá wa sọ tiyín."

"Níbo lẹ fẹ́ gbé e sí?"

"Ara ògiri ìta mà, lẹ́bàá títì, kí gbogbo ọkọ̀ tó bá ń kọjá lè rí i. Wọ́n á tún yà á sórí fóònù, kí àwọn ará ìlú wa tó wà lẹ́yìn odi lè wò ó."

Lọ́jọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ọjọ́ àwọn òbí. Mo kọ nọ́ńbà ìbàdí rẹ̀ sílẹ̀, mi ò sì mọ ohun tí mo kọ.

Kò sí àléébù nínú iṣẹ́ wọn. Ìwádìí tó péye ni, èyí tó dára jù tí mo tíì rí lọ́wọ́ ọmọdé. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn. Àwọn tó mú mi ti ní láti ṣọ́ ọ̀nà wa fún ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó mọ ìdá mẹ́wàá ohun tó wà lórí ògiri yẹn.

Mo ba ẹ̀wù méjì jẹ́ nínú mẹ́jọ tí mo ń rán. Ọkàn mi ń sọ pé kí n lọ bá tíṣà. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ fún un, á bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ̀, èmi á sì ní láti sọ̀rọ̀ ewé náà. Mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, àní pásítọ̀ wa tó wá gbàdúrà fún mi. Bí mo bá sọ ọ́, á dé etí Ọkọ Mi, á sì mọ̀ pé ọwọ́ mi ni mo fi ta á. Àwọn èèyàn yẹn náà sì ti sọ fún mi kí n tó kúrò lọ́dọ̀ wọn pé wọ́n mọ ilẹ̀kùn mi. Nítorí náà, mo pinnu láti jí i.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo kó ẹ̀wù lọ, mo rí i pé àsìkò ìsinmi ni mo dé kí gbogbo wọn lè wà ní pápá. Kíláàsì ṣófo. Mo gbé ẹ̀wù kalẹ̀, mo gun bẹ́ńṣì, mo yọ àlùmọ́gàjí nínú báàgì. Mo ti gé okùn igun kan kúrò lára ìṣó tí wọ́n so ó mọ́ nígbà tí mo gbọ́ ohùn lẹ́yìn mi.

"Màmá! Kí lẹ ń ṣe?"

Ọmọbìnrin yẹn ni. Ife omi rẹ̀ ló wá mú.

"Mo fẹ́ tún un so dáadáa ni."

"Pẹ̀lú àlùmọ́gàjí?"

Ó sáré dé ẹnu ọ̀nà, ó ké sí pápá pé, "Tíṣà! Ẹ wá wo Màmá Aránṣọ o, wọ́n ń gé iṣẹ́ wa!"

Kí n tó mí, wọ́n ti kún ẹnu ọ̀nà. Àwọn kan ń lérí, àwọn kan ń ti ara wọn kí wọ́n lè rí mi.

"Ṣebí wọ́n ní àwọn ò mọ nǹkan kan!"

"Ìlara ni! Wọn ò sọ tiwọn, wọ́n wá fẹ́ ba tiwa jẹ́!"

Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti wà kẹ́yìn nínú yàrá tí èèyàn dí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Mo fẹ̀yìn ti ògiri lórí bẹ́ńṣì náà. Tíṣà la àárín wọn kọjá, ó ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀kalẹ̀."

Mo ní, "Mi ò lè sọ̀kalẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí wọ́n kúrò lẹ́nu ọ̀nà."

Ó yé e. Kò bi mí léèrè. Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì wọlé, wọ́n jókòó sáyè wọn. Ó na ọwọ́ sí mi, mo dì í mú, mo sọ̀kalẹ̀, mo jókòó sórí bẹ́ńṣì tí mo gùn. Gbogbo wọn ń wò mí. Ọmọbìnrin yẹn kò jókòó, ó dúró síwájú iṣẹ́ wọn, ó na apá méjèèjì bí ẹni ń dí ọ̀nà fún ewúrẹ́.

Mo ní, "Ẹ ní kí n wá ṣe àlejò yín. Mo ti dé."

Mo sọ ọ̀rọ̀ ewé náà fún wọn. Ewé nìkan ni mo sọ: ibi tí mo ti já a, ọ̀nà tí mo fi dí, òkúta tí mo gbé lé e, àti ohun tí ọkùnrin yẹn sọ fún mi lọ́jọ́ kejì. Kò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nígbà tí mo parí, ọwọ́ kan lọ sókè.

"Mà, ṣé ẹ sunkún?"

"Mo sunkún."

"Ṣé wọ́n fún yín lóúnjẹ?"

"Wọ́n fún mi ní búrẹ́dì. Mi ò lè jẹ ẹ́."

"Ṣé ẹ ṣì ń bẹ̀rù?"

Tíṣà fẹ́ dá a lẹ́kun. Mo ní kó fi í sílẹ̀. "Mo ṣì ń bẹ̀rù. Lójoojúmọ́."

Ọmọ kan tó jókòó sẹ́yìn, tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí mo ti mọ̀ wọ́n, ní, "Ìyẹn ni pé wọ́n mọ ewé kà. Ta ló kọ́ wọn?"

Mo ní mi ò mọ̀.

Ó ní, "Bóyá àwọn náà bi àwọn àgbà ni. Bíi tiwa."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin tó dúró síwájú ògiri yí ojú padà díẹ̀díẹ̀. Mo mọ ibi tó ń wò. Ohun tó fi máàkà pupa kọ ló ń wò.

"Mà," ó ní, "ṣé ẹni tí kò mọ̀ wá lè ka èyí?"

"O kọ ọ́ dáadáa. Ẹnikẹ́ni lè kà á."

Ó fa bẹ́ńṣì mọ́ra, ó gùn ún, ó sì ń tú u fúnra rẹ̀ láti igun tí mo ti gé. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ń fi èjìká nù ún nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ kò dilẹ̀. Tíṣà ní òun máa sun ún lẹ́yìn ilé-ìdáná. Ọmọ náà ká a mọ́ra.

"Ẹ má sun ún mà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta!"

Ó wo tíṣà, ó wò mí, ó sì gbé e fún mi. "Ẹ̀yin lẹ mọ ilẹ̀kùn tì," ó ní. Mi ò mọ̀ bóyá ó ń bú mi ni.

Bí mo ṣe rò, ọ̀rọ̀ náà kò sùn sí ilé-ìwé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ọkọ Mi dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó kó ṣòkòtò iṣẹ́ lọ́wọ́. Ọjọ́rú ni, ó yẹ kó ti wà lóko. Mo ṣílẹ̀kùn. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì àwọn oníbàárà, kò sì gbé ṣòkòtò náà fún mi.

"Ìyàwó wa, wọ́n ní ẹ sọ̀rọ̀ nílé-ìwé."

"Mo sọ díẹ̀."

"Wọ́n ní ẹ ní ewé ló fi yín hàn wọ́n."

"Ohun tí wọ́n sọ fún mi nìyẹn. Ẹ má bínú sí mi. Mi ò mọ̀ pé—"

"Ọ̀nà wo lẹ dí?"

"Ọ̀nà kòkó. Oko iṣu ni mo lọ."

Ó ká ṣòkòtò náà, ó tún un ká. Ó ní, "Ọ̀nà iṣu ni mo ti bá a."

"Kí lẹ bá?"

"Gbòdògì. Òkúta wà lórí rẹ̀. Ọ̀nà iṣu ló dí. Mo ní ìyàwó ti lọ sóko kòkó, ni mo bá gba ibẹ̀ lọ. Mo pè yín, ẹ ò dáhùn. Mo ní ẹ ti sọ̀kalẹ̀ lọ sódò. Mo dáná, mo sun ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ṣé ẹ gbọ́? Mo sun ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo jẹ tèmi, mo fi ewé bo tiyín sílẹ̀ dè yín." Ó fi ṣòkòtò nu ojú. "Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń sọ fún ara mi pé èmi ni mo ka ewé òdì. Mo ní ká ní mo kà á bó ṣe yẹ ni, ǹ bá ti bá yín níbẹ̀."

Mo ní, "Wọ́n gbé e lọ sí ọ̀nà kejì ni."

"Wọ́n gbé e."

"Wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá ba iṣẹ́ wọn jẹ́. Bí wọn ò bá gbé e, ẹ̀yin náà—"

"Èmi náà ìbá ti bọ́ sí wọn lọ́wọ́."

Ẹnìkan kọjá lórí ọ̀kadà, ó kí wa, àwa méjèèjì sì jẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn náà ni mo nawọ́ gba ṣòkòtò lọ́wọ́ rẹ̀.

"Níbo ló ti ya?"

"Orúnkún. Ibi tó máa ń ya."

Ọjọ́ mẹ́ta péré ló kù sí ọjọ́ àwọn òbí nígbà tí wọ́n tú iṣẹ́ wọn sílẹ̀, àwọn ọmọ ò sì ní nǹkan kan lọ́wọ́. Ọmọ tó máa ń jókòó sẹ́yìn yẹn ló rí ọ̀nà. Ó bi mí pé wákàtí mélòó ni ewé fi ń rọ, mo sì rí i pé mi ò mọ̀. Ojú la fi ń wò ó, a kò kà á rí. Ni wọ́n bá já oríṣi ewé márùn-ún, wọ́n tẹ́ àwọn kan sí òòrùn, wọ́n tẹ́ àwọn kan sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ń sáré jáde wò wọ́n nígbà tí aago bá lù. Ìyẹn ni wọ́n gbé síta lọ́jọ́ Ẹtì: ewé lórí tábìlì, láti èyí tó tutù dé èyí tó ká kò, pẹ̀lú wákàtí lábẹ́ wọn. Kò sí orúkọ ilé kan, kò sí ọ̀nà kan.

Mo lọ wò ó. Mo dúró sẹ́bàá géètì. Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù, bàbá ọmọ kan tó ti ìlú ńlá wá, yìn wọ́n púpọ̀. Ó gbé fóònù sókè, ó rẹ́rìn-ín sí ọmọbìnrin yẹn, ó ní, "Èyí mà dára o. Ilé tiyín ńkọ́, ewé wo lẹ̀ ń lò? Oko yín wà lápá ibo?"

Èèyàn rere ni, ó dá mi lójú. Ọmọ náà kúnlẹ̀ nínú ẹ̀wù àgbẹ̀ tí mo rán fẹ̀ jù fún un, ó ní, "Ẹ má bínú sà. Ìyẹn ò sí nínú ìwádìí wa."

Ìyá àgbà rẹ̀ bínú sí gbogbo wa fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń lọ oko, òun ò dúró de ẹnikẹ́ni rí. Ṣùgbọ́n ó ti ń dúró báyìí. Ní ilé tó kẹ́yìn ìlú, òun, Ọkọ Mi àti àwọn ará ilé méjì míì á pé kí wọ́n tó gbéra. Wọn kì í fi ewé lélẹ̀ mọ́, nítorí pé kò sẹ́ni tó wà lẹ́yìn. Èmi ò tíì lọ. Bóyá màá lọ, bóyá mi ò ní lọ.

Káàdìbọ́ọ̀dù mẹ́rin yẹn ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Ó le, ó sì dára fún gígé àwòṣe, nítorí náà mo já àwọn ewé kúrò lára rẹ̀, mo gé e sí wẹ́wẹ́: èyí fún ọrùn aṣọ ilé-ìwé, èyí fún apá, èyí fún àpò. Bí mo bá tẹ́ àwòṣe sórí aṣọ, tí mo ń fi ṣọ́ọ̀kì yí etí rẹ̀ ká, mo máa ń rí ibi tí odò ti dábùú ọ̀nà. Oríta wa bọ́ sára ti àpò. Máàkà pupa náà wà lára ti ọrùn, àmọ́ àlùmọ́gàjí ti gba àárín rẹ̀ kọjá, *Òun nìkan* ló kù níbẹ̀. Mo ti fi gé ọrùn aṣọ bí ogún. Àwọn ọmọ wọ̀ ọ́ lọ sílé-ìwé, kò sì sí ẹni tó mọ̀.